Àwòrán Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni. Kì í ṣe pé Alhaji Mùsílíù Sàlàhúdíìnì fẹ́ràn òtítọ́ ju àwa yòókù lọ, kì í sì í ṣe nítorí ire ẹgbẹ́ onípìn-ín wa ló ṣe wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ yẹ ìwé wò. Ìlara ni. Òun fúnra rẹ̀ ní orúkọ mìíràn tó ń pè é: ó ní ìtara ni. Bó bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, á fi ọwọ́ kan àyà, á gbójú sókè díẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì máa mi orí, nítorí pé abọ́ tánganran tó ń tà ní Ìtòkú dára, ó sì máa ń fi ènì sí i fún ẹni tó bá mọ orí í mì.

Ohun tó dá ìlara náà sílẹ̀ kéré. Àwòrán kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Ìṣáná Ẹlẹ́tu fi ìwé ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ní ìpín níbẹ̀. Ìwé náà ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àwọn ọ̀gá wà níwájú, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òǹkà wà lẹ́yìn. Ní ojú ìwé kẹrìnlá, níbi tí èèyàn kò retí pé òun máa rí ojúlùmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ̀yẹ Ògúnfọwọ́kàn dìde dúró, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó na ìka kan sókè, àwọn ọ̀gá márùn-ún sì ń wò ó lẹ́nu bí ọmọ iléèwé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé onípìn-ín kan láti Abẹ́òkúta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé gbogboogbò.

Ọmọ Ọ̀fàdà ni Ògúnfọwọ́kàn, láti inú ilé àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì. Ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó fún ìjọba, kí ó tó fẹ̀yìn tì sí ilé kékeré kan tó kọ́ sí Adigbe. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Bàtà rẹ̀ méjì ni, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìsìnkú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé tó ń dán.

Ìbá tilẹ̀ sàn bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni Alhaji rí gbà nínú ìwé náà. Méje ni.

Bó ṣe di méje nìyí. Ní ọdún 1977, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn òyìnbó tó ni ilé-iṣẹ́ ńláńlá ta ìpín níbẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, Abẹ́òkúta ya lọ sí báǹkì lọ gba fọ́ọ̀mù. Ìròyìn kàn pé èrò ti pọ̀ jù, pé bí èèyàn béèrè ẹgbẹ̀rún ìpín, ọgọ́rùn-ún péré ni wọn yóò fún un. Àwọn ará Ìtòkú ronú sí i, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ọ̀nà. Bí orúkọ kan bá ń gba ọgọ́rùn-ún, ilé tó ní orúkọ mẹ́wàá á gba ẹgbẹ̀rún. Báyìí ni àwọn ìyàwó di onípìn-ín, tí ọmọ ọwọ́ di onípìn-ín. A gbọ́ nípa bàbá kan ní Kémta tó kọ orúkọ ẹṣin rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n sì fún ẹṣin náà ní ọgọ́rùn-ún tirẹ̀.

Alhaji kò ní ẹṣin. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ti Sìlífátù ìyálé àti ti Bùsírátù ìyàwó, ó kọ ti àwọn ọmọ mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún ọ̀nà méje ló wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tó jókòó sí tí kì í ti sọ nípa "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ìpín mi," bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì èrè tó ń wá lọ́dọọdún, orúkọ kálukú ló wà lára rẹ̀, akọ̀wé báǹkì kò sì gbà kí ọkọ gba ti ìyàwó. Alhaji bá a fà á títí, ó sú u. Nígbà tó rí i pé kò ju owó ọbẹ̀ lọ, ó ní kí àwọn ìyàwó máa gba tiwọn lọ sínú ọbẹ̀. Bùsírátù fi tirẹ̀ ra ẹran ìgalà, ilé jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ méjì. Sìlífátù, tó kàwé dé ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́, kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ká ṣẹ́ẹ̀kì náà sínú báàgì, ó ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun ní Múṣin. Láti ìgbà náà, bí ṣẹ́ẹ̀kì bá ti dé, á kó owó èsúsú rẹ̀ mọ́ ọn, ó di dandan kó lọ kí àbúrò náà. Alhaji kò rí ìdí tí yóò fi dá a dúró. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Lọ́jọ́ tí ìwé méjèèje dé láti ilé ìfìwéránṣẹ́, Alhaji tò wọ́n sórí tábìlì pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí àlejò lè bá wọn níbẹ̀. Ó ṣí ìkíní, ó bá Ògúnfọwọ́kàn pàdé. Ó ṣí ìkejì, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà ti jókòó nínú ìyẹn. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó pa á dé. Owó tirẹ̀ ló fi ra orúkọ méje, ojú kan náà ni wọ́n sì fi kí i káàbọ̀ nígbà méje.

Ohun tó wá burú jù ni pé Sìlífátù mú ẹyọ kan, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì ṣí i sí ibẹ̀ gan-an. Ó wò ó, ó wò ó. Ó ń fi ìka tẹ̀lé nǹkan díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Alhaji na ọrùn. Ojú ìwé kẹrìnlá ló wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún, òǹkà lásán ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí obìnrin tí ń mi ètè sí òǹkà.

Ó bi í pé kí ló ń wò.

"Ìwé ni mò ń kà, Bàbá Mọ́ṣúdù."

Ó ní ṣé ìwé tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé àwòrán ló wà nínú rẹ̀ náà ni. Sìlífátù ní àwòrán náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò gbójú sókè. Alhaji gba ìwé náà, ó kó méjèèje jọ, ó kì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí rí Ògúnfọwọ́kàn níbi gbogbo. Bó rí kẹ̀kẹ́ tó kọjá, ó ń wò ó bóyá òun ni. Bí ẹnikẹ́ni bá na ìka sókè láti pe ẹlẹ́kọ, á yára yíjú kúrò.

Ẹgbẹ́ Onípìn-ín máa ń ṣe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní pálọ̀ Pa Bándélé Ọ̀ṣunrẹ̀mí ní Ìbarà. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni Pa Ọ̀ṣunrẹ̀mí kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, á ní kí ẹni náà fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn èèyàn kò jẹ́ kó ka àkọsílẹ̀ tó ti kọjá parí. Wọ́n fẹ́ kí Ògúnfọwọ́kàn sọ bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò.

Ọkùnrin náà sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba kan wà ní Èkó tó jẹ́ pé dandan ni kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín fún aráàlú fi ìwé tiwọn síbẹ̀ lọ́dọọdún: èrè tí wọ́n jẹ, gbèsè tí wọ́n wọ̀, ohun tí wọ́n rà, àwọn tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ síbẹ̀, bó ní ìpín bí kò ní. Á san owó táṣẹ́rẹ́, wọn á gbé fáìlì sílẹ̀ fún un, á jókòó, á kà á. Òun ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ kòkó, irin ni àwọn fi ń gún àpò láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé òkè àpò kì í burú. Inú fáìlì Ẹlẹ́tu ló ti rí i pé wọ́n ti ra ẹ̀rọ àbẹ́là láti ọdún mẹ́ta, àbẹ́là kò sì tíì jáde. Ìbéèrè tó dìde láti bi wọ́n nìyẹn.

Ẹnìkan bi í pé ṣé wọn kì í bi èèyàn pé ọmọ ta ni.

"Òfin ni," Ògúnfọwọ́kàn dá a lóhùn. "Ilẹ̀kùn náà ṣí fún gbogbo wa."

Háà wọn kan àjà. Alhaji jókòó síbẹ̀, gbogbo ara ń ta á. Ilẹ̀kùn tó ṣí fún gbogbo ayé, ọkùnrin yìí ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló kan ilẹ̀kùn náà.

Ìgbà náà ni Pa Ọ̀ṣunrẹ̀mí ka lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé-iṣẹ́ Ẹlẹ́tu ní nítorí èrò tó ń pọ̀, kí ẹgbẹ́ onípìn-ín ìlú kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn ní ìpàdé gbogboogbò lọ́dún yìí. Ẹni náà yóò jókòó níwájú. Ayàwòrán yóò wà níbẹ̀.

Gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ ọkùnrin kan náà. Alhaji Mùsílíù rí i bí wọ́n ṣe yí. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe. Ó ní òun kò jiyàn pé Ọ̀gbẹ́ni Ògúnfọwọ́kàn mọ̀wé. Ó ní àwọn tó mọ̀wé pọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn tó ní nǹkan ni ìpàdé Èkó, kì í ṣe ti àwọn tó ka nǹkan.

"Ẹ bi í kí ẹ gbọ́," ó wí. "Mélòó ló ní níbẹ̀? Èmi tí mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ṣé ẹ̀yìn ni kí n lọ jókòó sí?"

Ó retí pé kí Ògúnfọwọ́kàn bínú. Ọkùnrin náà kàn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín pàápàá kì í ṣe àṣírí, pé ó wà ní ọ́fíìsì kan ní Èkó tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó.

"Mo ti gbọ́," Alhaji wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló gbọ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nígbà náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, kó sọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀."

Pa Ọ̀ṣunrẹ̀mí kọ ọ́. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ti ń ṣe ní kóòtù: ẹni tí ìpín tó wà lórúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ nínú ìwé ilé-iṣẹ́, nínú gbogbo àwa onípìn-ín Ẹ̀gbá, òun ni yóò sọ̀rọ̀ fún wa. Alhaji ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí rẹ̀ ní ìrù, ìrù náà sì gùn kọjá orúkọ Ògúnfọwọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi múra. Ó ra léèsì funfun tuntun nítorí pé ó gbọ́ pé funfun máa ń yọ dáadáa nínú fọ́tò. Ó ní kí aránṣọ fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ọrùn rẹ̀, kí ọrùn náà má baà dojú ti òun lójú ìwé tó ń dán. Ní ìrọ̀lẹ́, á ti ilẹ̀kùn pálọ̀, á di ṣíbí ìbùbẹ̀ mú níwájú dígí, á na ìka kan sókè, á sì wo àwọn ọ̀gá márùn-ún tí kò sí níbẹ̀. Ó dán ìka méjì wò. Ó rí i pé ìka méjì dára ju ọ̀kan lọ.

Ibi tó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni Sìlífátù ti wọlé wá mú ṣíbí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní:

"Bàbá Mọ́ṣúdù, bí ẹ bá lè fi ìrìn Èkó yìí sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Ó bi í pé kí nìdí.

"Ìwé tí ẹ fẹ́ lọ wò yẹn, orúkọ ló ń kà. Kì í ka ilé."

Alhaji rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé e wàyí. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń mi ètè sí ojú ìwé kẹrìnlá, òun ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọkọ òun má lọ.

"Ṣé o kò fẹ́ kí wọ́n yọ àwòrán ọkùnrin yẹn kúrò níbẹ̀ ni?"

Sìlífátù wò ó títí, bí èèyàn ti ń wo abọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sán. Lẹ́yìn náà ló mú ṣíbí rẹ̀. "Ẹ kú ìmúra," ó wí, ó sì padà sídìí ọbẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló lọ: Alhaji, Ògúnfọwọ́kàn, àti Pa Ọ̀ṣunrẹ̀mí tó gbé ìwé àdéhùn sínú àpò ìfàlọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Alhaji ló háyà mọ́tò Pijó, kó lè jẹ́ òun ni yóò jókòó níwájú. Ọ̀nà Kọ́bapẹ́ ni wọ́n gbà. Níbẹ̀, wọ́n dúró ra àgbàdo sísè, Ògúnfọwọ́kàn sì fẹ́ san ti gbogbo wọn; Alhaji kò jẹ́. Ó ń bá a ṣàwàdà lójú ọ̀nà, àánú rẹ̀ ń ṣe é díẹ̀. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ tí yóò fi tù ú nínú nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀.

Ní Èkó, àjà kẹta ni ọ́fíìsì tí ìwé orúkọ náà wà. Omidan kan tó ń jẹ gúgúrú ló jókòó sí ìdí káńtà. Ó kí wọn kú ọ̀nà, ó ní ṣé onípìn-ín ni wọ́n, nítorí pé onípìn-ín kì í sanwó láti wo ìwé. Alhaji ní onípìn-ín ni àwọn, onípìn-ín pàtàkì, ó sì tún gbé owó sílẹ̀. Omidan náà tì í padà. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé ìwé kan wá tó nípọn bí ìrọ̀rí.

Ti Ògúnfọwọ́kàn ni Alhaji ní kó kọ́kọ́ wò. Ó wò ó.

"Ògúnfọwọ́kàn, Olúṣẹ̀yẹ. Adigbe, Abẹ́òkúta. Ọgọ́sàn-án."

Ọgọ́sàn-án. Alhaji gbọ́ ọ bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti bímọ láyọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Ògúnfọwọ́kàn. Ó ní ó gbìyànjú gan-an ni fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ògúnfọwọ́kàn ní ọgọ́rùn-ún ni òun kọ́kọ́ ní, díẹ̀díẹ̀ ni òun fi ń rà kún un.

"Ó kù tèmi," Alhaji wí. "Sàlàhúdíìnì. Fara balẹ̀ kà á o, ọmọ mi, ó pọ̀."

Ó pọ̀ lóòótọ́. Omidan náà fi ìka sí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè: Bùsírátù, ọgọ́rùn-ún. Ganíyátù, ọgọ́rùn-ún. Kúdírátù, ọgọ́rùn-ún. Mọ́ṣúdù, ọgọ́rùn-ún. Alhaji ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì.

"Mùsílíù, ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin nìyí, sà?"

Ó ní òun ni. Ó ní òun náà sì ni gbogbo àwọn tó kà ṣáájú.

"Ẹ̀yin ni Bùsírátù, sà?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ìwé yìí kò níbi tí wọ́n ń kọ ọkọ sí, sà."

Alhaji yíjú sí Pa Ọ̀ṣunrẹ̀mí pé kó bá òun dá sí i. Àgbàlagbà náà tú àpò rẹ̀, ó yọ ìwé àdéhùn jáde, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ "lórúkọ rẹ̀" sí, lẹ́yìn náà ó fi ìka náà tọ́ka sí ìfọwọ́sí tó ní ìrù. Ọgọ́sàn-án ju ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀rọ̀ kóòtù kọ́ nìyẹn.

Bí Ògúnfọwọ́kàn bá ti rẹ́rìn-ín, ì bá sàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nǹkan kékeré ni, pé kí Alhaji lọ sọ̀rọ̀ náà, òun fi í sílẹ̀ fún un. Kó ṣáà rántí bi wọ́n léèrè nípa ẹ̀rọ àbẹ́là.

Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Kí wọ́n fún òun ní àyè náà bí ẹni fún ọmọdé ní àkàrà. Kí òun dúró lójú ìwé kẹrìnlá, kí gbogbo Abẹ́òkúta máa wí pé Ògúnfọwọ́kàn ló yọ̀ǹda rẹ̀. Kàkà kó jẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ló ti wá, kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni, bó ṣe ẹṣin Kémta pàápàá. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé àdéhùn náà, ó sì rí i níbẹ̀.

"Nínú gbogbo àwa onípìn-ín Ẹ̀gbá," ó kà á sókè. "Kì í ṣe àwa méjì nìkan. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan wà ní Abẹ́òkúta tó ju ọgọ́sàn-án lọ. Ẹni tó bá jẹ́, òun ni yóò sọ̀rọ̀. Mo ti fọwọ́ sí i, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnfọwọ́kàn náà ti fọwọ́ sí i. Ọmọ mi, bá wa wá a."

Pa Ọ̀ṣunrẹ̀mí ní bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀. Ògúnfọwọ́kàn ní kò burú. Alhaji fọwọ́ lé káńtà, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti oṣù kẹrin tí àyà rẹ̀ fúyẹ́.

Omidan náà ní kí wọ́n mú sùúrù, ó ní òun kò tíì parí ti àwọn Sàlàhúdíìnì gan-an, ó ku méjì lẹ́yìn ìwé. Ó ṣí i sí òdìkejì. Ó ka Ráfíù, ọgọ́rùn-ún. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà tó gbẹ̀yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó padà síbẹ̀ kó lè dá a lójú, ó sì kà á:

"Sìlífátù. Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogójì."